Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńláńlá ojú òkun: ǹjẹ́ òkun Ìlàjẹ gbà á?

Ará Ọjà Ọba (Àkúrẹ́) béèrè pé:

Mo kí gbogbo ilé o. Láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná tiwọn, kí wọ́n pín in, kí wọ́n sì máa ṣe àkóso rẹ̀ fúnra wọn, ni ọ̀rọ̀ ibi tí ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò ti rí iná ti di àríyànjiyàn láàárín àwa tí a jọ máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ní gáàsì ni kí a gbájú mọ́, nítorí iléeṣẹ́ amúnáwá Omotosho ti wà lẹ́bàá Òkìtìpupa tipẹ́. Ẹlòmíràn ní oòrùn ni. Ọ̀rẹ́ mi kan wá takú pé òkun Ìlàjẹ ni kí a kọjú sí, kí a ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńláńlá mọ́ inú òkun bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe, kí a sì fa iná rẹ̀ gba Igbókọ̀dá wọ Àkúrẹ́. Ó sọ ọ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ṣàkíyèsí pé òun náà kò lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró tí ìgbì kò fi ní wó o, báwo sì ni iná ṣe ń ti ojú òkun dé ilé? Tí wọ́n bá ti gbé e dúró tán, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, nígbà tí tiransifọ́mà ẹnu ọ̀nà gan-an ń fún àwa níbí ní wàhálà? Pabanbarì rẹ̀, ǹjẹ́ òkun tiwa gbà á? Mo tún ní ìdí mìíràn: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní FUTA, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ, ó sì ní irú iṣẹ́ yìí ló wu òun.

Ọmọ Ẹkímògún (Grimsby) dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Oǹdó ni ilé mi, ṣùgbọ́n Grimsby ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú díẹ̀ lára àwọn ọgbà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó tóbi jù lọ lójú òkun.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń gba àkókò jù, nítorí fídíò kì í fi ibẹ̀ hàn. Kí wọ́n tó ri irin kankan mọ́lẹ̀, ọdún á ti gorí ọdún. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Crown Estate ló ń ṣe àkóso ilẹ̀ abẹ́ òkun ní England, òun ló ń pín in, àwọn iléeṣẹ́ sì ń du ú. Ní oṣù kìíní ọdún 2010 ni wọ́n pín agbègbè Dogger Bank, tó wà lójú Òkun Àríwá ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọgbà síbẹ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni iná àkọ́kọ́ tó jáde. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun wò, wọ́n ń ka ẹyẹ àti ẹranmi, wọ́n ń wá àdó olóró ogun àgbáyé tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n sì ń bá àwọn apẹja, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn ológun jókòó ìpàdé.

Ní ti ìdúró rẹ̀, bí omi bá ṣe jìn tó ló ń pinnu irú ẹsẹ̀ tí wọ́n máa ṣe fún un. Níbi tí omi kò ti jìn ju nǹkan bíi mítà 50 tàbí 60 lọ, òpó irin kan ṣoṣo tó ní ihò nínú ni wọ́n sábà máa ń lò, èyí tó lè wúwo ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ. Wọ́n á fi òòlù ńlá orí ọkọ̀ gbá a wọlẹ̀ jinlẹ̀jinlẹ̀, wọ́n á sì kó òkúta yí ìdí rẹ̀ ká kí omi má baà gbẹ́ ẹ. Ariwo gbígbá yìí ń pa àwọn ẹranmi lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ìfóòfó afẹ́fẹ́ yí ibi iṣẹ́ ká nínú omi Jámánì, kí ó lè dín ariwo náà kù. Níbi tí omi bá ti jìn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lo ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta tàbí mẹ́rin bíi ti pèpéle epo rọ̀bì, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà léfòó, kí wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n àti ìdákọ̀ró dì í mú. Hywind, tó wà lójú òkun Peterhead ní Scotland, ni ọgbà aléfòó àkọ́kọ́ láyé; ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ márùn-ún ló ní, mẹgawáàtì 30 sì ni agbára gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo bí ẹ̀rọ náà ti tóbi tó. Vindeby ní Dẹ́nmáàkì, ọgbà ojú òkun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1991, ní ẹ̀rọ 11, gbogbo wọn kò sì ju mẹgawáàtì 5 lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Dogger Bank lónìí jẹ́ mẹgawáàtì 13, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo sì gùn tó mítà 107, tó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Wáyà abẹ́ òkun ló so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ mọ́ pèpéle kan lójú omi níbẹ̀, níbi tí tiransifọ́mà ti ń gbé agbára iná náà sókè kí ó tó máa bọ̀ nílẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti jìn ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, iná irú èyí tí a ń lò nílé máa ń ṣòfò púpọ̀ nínú wáyà abẹ́ òkun, nítorí náà wọ́n á yí i padà sí irú iná tí bátìrì ń mú jáde, wọ́n á sì tún un yí padà ní èbúté. Bẹ́ẹ̀ ni Dogger Bank ṣe. Hornsea One, tó jìn tó 120 kìlómítà sí etíkun, tó ní ẹ̀rọ 174 àti mẹgawáàtì tó lé ní 1,200, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Pèpéle mìíràn ni wọ́n kọ́ sí agbedeméjì ọ̀nà láti máa ran iná náà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tèmi wà nínú ìtọ́jú, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ dá yín lóhùn dáadáa. Ọgbà tó bá sún mọ́ etíkun, ọkọ̀ kékeré ló máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ láàárọ̀, tí yóò sì gbé wọn bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ti ga ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kan àkàbà. Èyí tó jìn, ọkọ̀ ńlá ni a ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan; ó ní afárá tó ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ìgbì sókè sódò, kí ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lè dúró ṣinṣin bí wọ́n ti ń kọjá sórí ẹ̀rọ. A máa ń kó ìtọ́jú ńlá sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀, kí owó má baà ṣòfò. Òjò àti iyọ̀ máa ń jẹ etí abẹ̀bẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, a ó so ara wa rọ̀ sókè láti tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà tó wà ní èbúté ń wo ìgbóná àti ìgbọ̀n inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tọ̀sán-tòru, ó sì sábà máa ń mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Owó ìtọ́jú yìí, láti ìgbà tí wọ́n bá tan ọgbà títí di ìgbà tí wọ́n bá tú u, lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tí ọgbà náà yóò ná, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọgbà láìro ti ìtọ́jú, irin ìpẹtà ló rì sínú omi.

Ní ti òkun wa, èmi ò ní kọ́kọ́ sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní Nọ́wè, Hywind Tampen, ẹ̀rọ aléfòó 11 tó jẹ́ mẹgawáàtì 88, ń pèsè iná fún pèpéle epo Snorre àti Gullfaks láti ọdún 2023, kí wọ́n lè dín gáàsì tí wọ́n ń jó nídìí jẹnẹrétọ̀ kù. Àwa náà ní pèpéle epo lójú òkun Ìlàjẹ. Mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ (Igbókọ̀dá) dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Grimsby. Àlàyé yín yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n kí a tó máa pín òkun Ìlàjẹ láti Àkúrẹ́ àti láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń gbé etí rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ tiwa.

Èkíní ni ẹja. Àwọn tùróólà, ọkọ̀ ìpẹja ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lábẹ́ omi, ti ń wọ inú ibi tí àwọn bàbá wa ń dẹ àwọ̀n sí, wọ́n ń fa àwọ̀n wọn ya, owó àwọn tálákà sì ń bá omi lọ. Ìgbàkígbà tí iléeṣẹ́ ńlá bá dé ojú òkun, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni pé kí apẹja má ṣe sún mọ́ ibẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ri ọgọ́rùn-ún òpó mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì na wáyà sí abẹ́ omi láti ibẹ̀ dé èbúté, níbo ni elédé àti ẹlẹ́ja yóò ti máa ṣiṣẹ́?

Èkejì ni Ayétòrò. Ìlú tí àwọn baba wa tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ayé ń wá wò nítorí bí ó ti gòkè àgbà, ni òkun ń jẹ báyìí, ilé lẹ́yìn ilé. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan níbí pé tí wọ́n bá ri òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú ìlú, yóò dá ìgbì dúró. Ṣé òótọ́ ni àbí ẹ̀tàn? Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ sọ ọ́ síta, nítorí a ti gbọ́ ìlérí púpọ̀.

Olùkọ́ Físíìsì (Àkúrẹ́) dáhùn pé:

Ẹ̀tàn ni, àbúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀rọ kan àti èkejì máa ń tó nǹkan bíi kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn jù, ọ̀kan yóò máa gba afẹ́fẹ́ mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ìgbì yóò kàn gba àárín wọn kọjá lọ ni, yóò sì bá Ayétòrò níbi tó wà. Ohun tó lè dá òkun dúró ni ògiri òkúta tàbí dída yanrìn kún etíkun. Iṣẹ́ mìíràn ni, owó mìíràn ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iná.

Ní ti apẹja, òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò ní kí apẹja má wọ inú ọgbà tó ti parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tùróólà ló ń yẹra fún un nítorí wáyà. Ní Bẹ́ljíọ́mù, wọn kò gba apẹja láyè níbẹ̀ rárá. Ẹja àti ìṣáwùrú a sì máa kóra jọ sí ìdí òkúta àti òpó wọ̀nyẹn. Nítorí náà ìbéèrè yín tọ́, òfin tí a bá fọwọ́ ara wa ṣe ló sì máa dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀rẹ́ Ará Ọjà Ọba kò gbé yẹ̀ wò, tí ẹ̀gbọ́n Grimsby náà sì fò dá: báwo ni afẹ́fẹ́ wa ṣe le tó? Agbára tí ẹ̀rọ ń rí nínú afẹ́fẹ́ kì í ṣe ìlọ́po bí eré rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára náà ló máa ṣẹ́ kù. Lójú Òkun Àríwá, ní ibi gíga tí abẹ̀bẹ̀ ń yí, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 9 sí 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a bá dá gbogbo ọdún pọ̀. Lójú òkun tiwa, ó sábà máa ń wà ní ìtòsí 5. Àárín ayé ni a wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ìhà àríwá àti ti ìhà gúúsù ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan náà ló jẹ́ kí a bọ́ lọ́wọ́ ìjì líle irú èyí tó ń ba àwọn ẹ̀rọ Taiwan lẹ́rù, ṣùgbọ́n òun náà ló gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Títí afẹ́fẹ́ yóò fi tó nǹkan bíi mítà 3 tàbí 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ní mú iná kankan jáde; ó di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá tó bíi 11 tàbí 12 kí ó tó mú gbogbo iná tí wọ́n kọ sí i lára jáde; tí ó bá sì tó 25, ọ̀pọ̀ wọn á da abẹ̀bẹ̀ dojú kọ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á dáwọ́ dúró kí wọ́n má baà fọ́. Ẹ̀rọ mẹgawáàtì 13 tí ẹ bá gbé wá sí Ìlàjẹ yóò máa lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ìtòsí ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yẹn, díẹ̀ ni ìgbà tí yóò dé òkè rẹ̀. Iye tí a fi kọ́ ọ kò ní dín kù nítorí pé afẹ́fẹ́ kéré.

Ìsàlẹ̀ òkun wa tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Etíkun Máhin kì í ṣe oníyanrìn bíi ti Èkó; ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ rírọ̀ tó nípọn, ọ̀gbun ńlá kan tó ń jẹ́ Máhin náà sì wà lábẹ́ òkun níwájú rẹ̀. Ẹrẹ̀ kò ní kí òpó má dúró, ṣùgbọ́n òpó náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí ibi tẹ̀ mọ́, èyí sì jẹ́ irin sí i àti owó sí i.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Hywind Tampen. Òkun tí ó wà níbẹ̀ jìn gan-an, ìgbì rẹ̀ burú, iṣẹ́ rẹ̀ sì wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ṣe é nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń san án padà. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, òkè ọya ló wà. Lambar Rimi ní Katsina ni wọ́n kọ́ ọgbà mẹgawáàtì 10 sí, ẹ̀rọ 37, orí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà sì fi falẹ̀. Bí ti orí ilẹ̀ bá gba wa lákòókò tó bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ti inú omi?

Oníṣirò Owó (Ọ̀wọ̀) dáhùn pé:

Mo kàn fẹ́ fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Àwọn tó ní afẹ́fẹ́ gan-an, ó ń sú wọn nígbà mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 2023, iléeṣẹ́ Vattenfall dá iṣẹ́ ọgbà Norfolk Boreas dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní owó iṣẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, tí ìjọba wọn pe àwọn oníṣẹ́ wá du àdéhùn iye owó iná, ẹyọ iléeṣẹ́ kan kò wá fún ti ojú òkun, nítorí iye tí ìjọba là sílẹ̀ kò tó wọn. Ní oṣù kọkànlá, iléeṣẹ́ Ørsted ti Dẹ́nmáàkì pa iṣẹ́ ńlá méjì tì ní New Jersey ní Amẹ́ríkà.

Àdéhùn yẹn ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Nígbà náà, ní 2023, ìjọba máa ń ṣèlérí iye kan pàtó fún iná náà fún ọdún 15. Bí ọjà bá san kéré, wọ́n á fi kún un fún iléeṣẹ́, bí ọjà bá san jù, iléeṣẹ́ á dá èlé padà. Ìwé yẹn ni báǹkì ń wò kí ó tó yá wọn lówó. Níbí, ta ni yóò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún 15 tí báǹkì òkèèrè yóò gbà á gbọ́, nígbà tí a kì í san owó iná tán lóṣooṣù, tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń rìn ní ìtòsí mẹgawáàtì 5,000? Hornsea One nìkan tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn. Bí ó bá ṣàdéédé kú lọ́jọ́ kan, gbogbo wa la óò wà nínú òkùnkùn.

Ará Ọjà Ọba (Àkúrẹ́):

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. N óò ka ọ̀rọ̀ ìlọ́po mẹ́jọ yẹn fún ọ̀rẹ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ òní. Mo mọ̀ pé yóò ní àwọn òyìnbó ló ń tan olùkọ́ jẹ. Ó ku ìbéèrè méjì. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ já olùkọ́ nírọ́, kí ló yẹ kí ó ṣe? Kí sì ni kí n sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?

Olùkọ́ Físíìsì (Àkúrẹ́):

Kí ó wọn ọ́n ni. Àwòrán afẹ́fẹ́ gbogbo ayé tí wọ́n ń pè ní Global Wind Atlas wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó ṣí i, kí ó fi etíkun wa wé ti Katsina, lẹ́yìn náà kí ó fi wé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ṣe àwòrán yẹn; báǹkì kì í tìtorí rẹ̀ yá ènìyàn lówó. Èyí tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn afẹ́fẹ́ sórí ohun aléfòó kan lójú òkun, kí ó wà níbẹ̀ fún odindi ọdún kan ó kéré tán, kí ó lè rí ìgbà òjò, kí ó sì rí ìgbà ọyẹ́. Iye rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n máa fi kọ́ ọgbà. Bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ ná owó kankan sórí ọ̀rọ̀ yìí, orí ìwọ̀n yẹn ni kí wọ́n ná an sí. Bí ó bá fi hàn pé mo parọ́, inú mi á dùn.

Ọmọ Ẹkímògún (Grimsby):

Mo gbà fún yín lórí afẹ́fẹ́, olùkọ́. Ọ̀rọ̀ pèpéle epo ṣì wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ di ìgbà tí ìwọ̀n bá jáde.

Ní ti ọmọ yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé ìwé ẹ̀rí FUTA rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò ní gbé e gun orí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó fẹsẹ̀ kan ojú òkun níbí ni ìwé ẹ̀kọ́ ààbò ti GWO, àjọ àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lágbàáyé: bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lókè, bí a ṣe ń yè nínú omi, bí a ṣe ń pa iná, bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa, àti bí a ṣe ń gbé ẹrù láìba ẹ̀yìn jẹ́. Ó máa ń gbó lẹ́yìn ọdún méjì, ènìyàn á tún un ṣe. Bí ó bá wà nílé, kí ó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ pèpéle epo, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ epo ní Port Harcourt ń kọ́ wọn bí a ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tó rì sínú omi, ọ̀pọ̀ lára àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló sì ti ibi epo wá. Kí ó mọ iná alágbára ńlá dáadáa, kí ó mọ ẹ̀rọ tó ń fi òróró tì nǹkan, nítorí ohun tó ń yí abẹ̀bẹ̀ padà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, òun náà ló sì sábà máa ń yọ wá lẹ́nu. Ẹ bi í léèrè bóyá òòyì máa ń kọ́ ọ ní ibi gíga. Bí ó bá dáhùn pé rárá, kí ó kọ̀wé sí mi níbí, n óò fi ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń béèrè ránṣẹ́ sí i.